Ṣé lóòótọ́ ni bàbá yín ṣe amí nígbà Ogun Hitler? Ẹ tètè bi àgbà, kílẹ̀ ó tó ṣú!

Bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà nílẹ̀ wa, tí ọtí ti ń wọra, tí onílù ń ki ìdílé, ẹnìkan á ṣáà dìde láàárín àwọn ọmọ olókùú, á ní: "Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá wa yìí ṣe amí fún òyìnbó nígbà Ogun Hitler?" Àwọn kan á pàtẹ́wọ́. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á fajú ro, nítorí lójú tirẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàbùkù bàbá òun láàárín àwùjọ ni. Àbí ta ni à ń pè ní amí nílẹ̀ yìí, bí kì í bá ṣe ẹni tó bá èèyàn jẹun tán, tó tún lọ tú àṣírí onítọ̀hún síta?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Orúkọ ìdílé wà nínú rẹ̀. Láti Alákìá dé Ẹgbẹ́dá, láti Lágelú dé Ọ̀nà-Àrà, oko ni púpọ̀ nínú àwọn àdúgbò yìí nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Lónìí, bàálù ń gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Alákìá, ilé ti kún ibi tí kòkó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ìgbà náà, bí ó bá ṣì wà láyé, ó ti lé ní ẹni 90 ọdún dáadáa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, ó lọ pẹ̀lú ohun tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tún un rà.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìdílé tó bá ní irú ìtàn yìí lọ wádìí rẹ̀ nísinsìnyí. Kí wọ́n má gbé e mì bí ẹni gbé òkèlè mì, kí wọ́n má sì gbé e sọnù bí ẹni da omi ìfọwọ́ nù.

OGUN DÉ ẸNU ÀÀLÀ YORÙBÁ

Àwọn kan á ní, "Amí kẹ̀? Ṣebí Yúróòpù àti Bọ́mà ni wọ́n ti ja ogun Hitler, kí ni amí ń wá ní Nàìjíríà?" Ẹ gbọ́ ná.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, Jámánì ṣẹ́gun ilẹ̀ Faransé. Ìjọba Faransé tuntun tó fi ìlú Vichy ṣe ibùjókòó gbà láti máa bá Hitler ṣe. Dàhòmì, tí à ń pè ní Benin lónìí, tẹ̀lé Vichy. Niger náà tẹ̀lé Vichy. Nínú àwọn ilẹ̀ Faransé tó bá wa pààlà, Chad àti Kamẹrúùnù nìkan ló yà sọ́dọ̀ Ọ̀gágun de Gaulle, ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Ẹ wá rò ó wò. Kétu wà lọ́hùn-ún, Mẹ́kọ̀ wà níhìn-ín. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Bákan náà ni Àjàṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, àti Ìdí-Ìrókò, àti Àgbádárìgì. Lójijì, ààlà tí òyìnbó fà sáàárín ilé di ẹnu ibodè ọ̀tá. Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Kútọnu. Àwọn ará Vichy ń fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Lagos. Ta ló sì mọ ọ̀nà inú igbó tó lọ tó bọ̀, bí kì í bá ṣe àwọn alájàpá àti àwọn onífàyàwọ́?

ILÉ Ẹ̀KỌ́ AMÍ NÍ OLÓKEMÈJÌ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ò mọ̀ nìyí. Ní oṣù Keje ọdún 1940, ìjọba Churchill dá ẹgbẹ́ amí kan sílẹ̀ ní London tí wọ́n ń pè ní SOE. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wọ ilẹ̀ ọ̀tá lábẹ́lẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì ba nǹkan ọ̀tá jẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ní ọ́fíìsì ní Lagos. Ọmọ ilẹ̀ Belgium kan tó ti ṣiṣẹ́ báńkì rí, Louis Franck, ni ọ̀gá wọn níbẹ̀.

Ibo wá ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn èèyàn wọn níṣẹ́? Olókemèjì ni! Olókemèjì tó wà lójú ọ̀nà rélùwéè láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, níbi tí igbó ọba wà, tí odò Ògùn ń gbà kọjá. Kò jìnnà sí wa rárá.

Nítorí náà, bí ìdílé kan bá ń sọ pé bàbá àwọn bá òyìnbó ṣiṣẹ́ nínú igbó kan níhà Olókemèjì nígbà ogun, pé ìbọn ń dún níbẹ̀, pé wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí aládùúgbò má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré jù o. Ẹni tó ru ẹrù ní àgọ́ amí, ẹni tó ń se oúnjẹ níbẹ̀, ẹni tó ń gé igi ìdáná, wọn kì í ṣe amí. Wọ́n rí nǹkan ni. Rírí náà tó ìtàn.

ỌKỌ̀ OJÚ OMI TÍ WỌ́N JÍ LÓRU

Kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí kì í ṣe àlọ́, ẹ gbọ́ èyí tó tinú Lagos jáde.

Ọkọ̀ Ítálì ńlá kan, Duchessa d'Aosta, sá lọ sí èbúté Santa Isabel ní erékùṣù Fernando Po, kò sì lè jáde mọ́. Sípéènì ló ni erékùṣù náà nígbà yẹn, òun ni wọ́n ń pè ní Bioko lónìí, Sípéènì sì ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ̀ kékeré méjì ti Jámánì, Likomba àti Bibundi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkàn Gẹ̀ẹ́sì ò balẹ̀, nítorí wáyálẹ́ẹ̀sì inú ọkọ̀ Ítálì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rò pé àwọn ará inú rẹ̀ lè máa ta Jámánì lólobó nípa ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọjá.

Ni SOE bá dá ọgbọ́n. Ọkùnrin wọn kan, Richard Lippett, wà ní erékùṣù náà, iṣẹ́ oníṣòwò ló sì fi bojú: ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ John Holt. Ó rí i dájú pé wọ́n se àsè fún àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ wọ̀nyí lórí ilẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, ara dẹ̀. Ọkọ̀ méjì irú èyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ńlá, Vulcan àti Nuneaton, ti kúrò ní Lagos láti ọjọ́ 11 oṣù Kínní 1942. Ní òru ọjọ́ 14, ní nǹkan bí aago 11:30, bí wọ́n ṣe pa iná mànàmáná ìlú náà, wọ́n yọ́ wọlé. Àdó olóró dún gbàù, ṣéènì tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ já! Kí àwọn tó wà nídìí àsè ó tó nu ẹnu, wọ́n ti fa ọkọ̀ lọ. Kí oṣù náà tó parí, Duchessa d'Aosta ti gúnlẹ̀ sí Lagos. Nígbà tí Jámánì pariwo, London sẹ́ kanlẹ̀, wọ́n ní kò sí ọkọ̀ ogun àwọn kankan nítòsí ibẹ̀.

Orúkọ Gus March-Phillipps tó ṣáájú ìkọlù náà wà nínú ìwé. Orúkọ Bernard Bourdillon tó jẹ́ gómìnà Nàìjíríà nígbà náà wà nínú ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ní Lagos tó yọ̀ǹda ara wọn bá wọn lọ, wọ́n ka iye wọn: 17 ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba okùn ọkọ̀ náà mú nígbà tó dé èbúté Lagos ńkọ́? Aláàárù tó rí ọkọ̀ Ítálì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ta ló kọ orúkọ tirẹ̀? Ẹnu ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ni orúkọ yẹn wà. Bí ẹnu yẹn bá dákẹ́, ó parí.

ALÁJÀPÁ TÓ GBÉ Ọ̀RỌ̀ KỌJÁ ÀÀLÀ

Ẹ̀yin ìyá wa, èyí tó kù yìí kàn yín gan-an. Ọlọ́jà kò nílò ilé ẹ̀kọ́ amí. Ẹni tó bá gbé iyọ̀ tàbí aṣọ lọ sí Kétu, tó padà dé, wọn á bi í pé, "Báwo ni ọ̀hún? Ṣé sójà pọ̀? Ṣé oúnjẹ wà?" Bí ó bá dáhùn lójú ẹni tó fẹ́ gbọ́, ó ti ṣe iṣẹ́ amí láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí ìjọba mọ̀ nípa òdìkejì ààlà nígbà ogun, irú ọ̀nà báyìí ló máa ń gbà dé etí wọn.

Eré kọ́ o. Ọwọ́ àwọn ará Vichy le. Wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń gbé ìròyìn fún Gẹ̀ẹ́sì àti de Gaulle, àwọn ọmọ Dàhòmì sì wà lára wọn. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Àríwá Áfíríkà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1942 ni àwọn aláṣẹ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kẹ̀yìn sí Vichy. Nítorí náà, bí ìyá àgbà kan bá ní ẹ̀rù ààlà ba òun títí di 1942, tí ẹ̀rù náà wá lọ lójijì, òótọ́ ló ń sọ.

AMÍ TÓ Ń ṢỌ́ ARÁ ILÉ

Ó wá ku irú amí kẹta, èyí tí ìdílé kì í fẹ́ sọ. Bí ìjọba òyìnbó ṣe ń ṣọ́ Jámánì, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣọ́ àwa tó ń jọba lé lórí. Wọ́n ń ṣí lẹ́tà. Wọ́n ń ṣọ́ ìwé ìròyìn. Wọ́n lè fi èèyàn sí àhámọ́ láìgbé e dé kóòtù. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni wọ́n kó kúrò ní Lagos ní 1943 tí wọ́n sì sé mọ́ Auchi títí di 1945. Ní oṣù Keje 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ìjọba fi òfin de ìwé ìròyìn Azikiwe méjì, West African Pilot àti Daily Comet.

Ti ọjà ńkọ́? Wọ́n fi òfin de iye tí èèyàn lè ta oúnjẹ. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà ní Lagos, débi pé ìjọba ló ń sọ iye tí ìyá ọlọ́jà yóò ta gààrí rẹ̀. Ẹ sáà mọ ọjà. Bí òfin bá ní kí a tà á báyìí, tí èèyàn tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ ní kọ̀rọ̀, ta ló máa sọ fún ọlọ́pàá? Ẹni tó wà nídìí igbá kejì ni! Pullen tiẹ̀ fi £100 lóṣooṣù lọ Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà Lagos, kó lè bá òun fi ẹsẹ̀ ètò náà múlẹ̀. Owó ńlá ni nígbà náà. Ìyá náà kọ̀ ọ́, ó ní òun ò ní ta àwọn èèyàn òun. Ní 1945, wọ́n gbé ètò náà jù sílẹ̀.

Gbogbo èèyàn kọ́ ni Pẹlẹ́wùrà. Àwọn kan gbà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi dákẹ́ títí wọ́n fi kú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Jámánì ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ aládùúgbò ni.

BÍ ÌDÍLÉ ṢE LÈ WÁDÌÍ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká fi àpèjúwe ṣe é. Ká ní ìdílé kan wà ní Alákìá tó ní bàbá àgbà àwọn ṣe amí. Kí ni kí wọ́n ṣe?

Àkọ́kọ́, kí wọ́n lọ bá ẹni tó dàgbà jù, kí wọ́n kúnlẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Kí wọ́n má bi í pé, "Bàbá, ṣé amí ni bàbá yín?" Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti fi èsì sí i lẹ́nu. Kí wọ́n bi í pé: Ibo ló máa ń lọ? Ta ló bá lọ? Ó ń pẹ́ tó báwo? Kí ló mú bọ̀? Ta ló wá bèèrè rẹ̀ nílé? Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tàbí kí wọ́n fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi ẹlòmíràn láìsọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ fún un. Bí ẹnu méjì tí kò gbọ́ ti ara wọn bá ṣe déédéé, ìtàn ń bọ̀ sójú ọ̀nà nìyẹn.

Kí wọ́n má gbàgbé àwọn obìnrin. Ní Eléyẹlé níbí, ilé ìwòsàn àwọn sójà wà níbẹ̀ nígbà ogun, ibẹ̀ náà ni Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ìyá tó ń ta oúnjẹ nítòsí irú ibẹ̀ lè gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ kò gbọ́.

Èkejì, kí wọ́n fi àkókò dan ìtàn wò. Àgbà tí kò mọ ọdún mọ ẹni tó wà lórí oyè. Ọba Aléṣinlóyè ló wà lórí oyè Ìbàdàn láti 1930 títí di 1946, ìgbà tirẹ̀ ni orúkọ oyè náà sì yí padà láti Baálẹ̀ sí Olúbàdàn, ní 1936. Ní 1939 ni ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì dé Ìbàdàn. Bí àgbà bá ní ìgbà ọba mìíràn ni bàbá òun ṣe amí ogun Hitler, nǹkan kan ti dàrú. Ogun mìíràn lè ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣí àpótí. Àmì ẹ̀yẹ tó ní ìràwọ̀ àti ìwé ìdásílẹ̀ iṣẹ́ ológun ń sọ pé sójà ni bàbá, bóyá ó dé Bọ́mà. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ amí, bẹ́ẹ̀ ni kò kéré sí i. Bí wọ́n bá rí àpò lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n lẹ bébà mọ́ létí, tí wọ́n kọ OPENED BY EXAMINER sí i lára, kí wọ́n má pariwo pé ẹ̀rí amí rè é. Ìjọba ló ṣí lẹ́tà náà kà kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Bàbá tó gba irú lẹ́tà yẹn lè má jẹ́ amí, ó sì lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n rántí pé ọmọ Ìbàdàn ní oko, ó sì ní ilé. Ohun tí wọn ò mọ̀ ní Alákìá, Mọ́gàjí agbo ilé nígboro lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tó mọ̀wé nínú wọn wọkọ̀ lọ sí Ìwó Road, kó tibẹ̀ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí wà nínú ọgbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ló jà fún un tí wọ́n fi dá ètò náà sílẹ̀ ní 1954. Gbogbo èèyàn ló lè lọ síbẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Kó bèèrè àwọn fáìlì Ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof àti Iba Div, kó sì wo ti 1939 sí 1945. Ti SOE wà ní London, ní ilé àkójọ ìwé wọn ní Kew, lábẹ́ àmì HS 3. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń ṣí wọn fún aráyé. Ọmọ yín tó wà ní ìlú òyìnbó lè bá yín débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má retí pé orúkọ bàbá á yọ gbàgbà. Nọ́ńbà àti orúkọ ìnagijẹ ni amí máa ń lò. Èèyàn dúdú tó bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí "ọmọ ọ̀dọ̀" lásán. Àìrí orúkọ kò sọ ìtàn di irọ́, bí rírí àgọ́ Olókemèjì nínú ìwé kò ṣe sọ bàbá gbogbo wa di amí.

Ìkìlọ̀ kan rèé o! Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pé owó amí bàbá yín wà ní London, pé kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù wá, ẹ lé e jáde. Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ láti wádìí kò ní kọ́kọ́ bèèrè owó ogún.

BÍ ÒTÍTỌ́ BÁ KORÒ ŃKỌ́?

Ó lè já sí pé akọni ni bàbá. Ó lè já sí pé aláàárù ni, tí àwọn ọmọ wá sọ di amí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó sì lè já sí pé òun ló ń lọ sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé lágbájá kó gààrí pamọ́. Bí ó bá jẹ́ ìkẹyìn yìí, kí ìdílé má lọ fi ṣe ìjà pẹ̀lú ilé kejì. Àwọn tó ṣẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ti lọ tipẹ́. Síbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ tó dùn kì í pẹ́ kí ó tó tú, ojú ọmọ-ọmọ ló sì máa ń tú sí, lójú agbo.

Ohun tó ṣe kókó ni kí ìbéèrè tètè jáde. Àgbà tó wà nílé yín lónìí ni ìwé tí òyìnbó kò kọ. Ẹ gbé àga sún mọ́ ọn lálẹ́ òní, kí ẹ bi í. Ẹni tó bá sì rí ìdáhùn tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ojú ewé àwọn òǹkàwé, kí àwọn ìdílé yòókù lè fi wé tiwọn.